Àlàfo Ara Ògiri Àdúgbò Kọkànlá

"Ilẹ̀ ibí yìí, apá ibo ló dà sí?" Khosla tún bi í.

Maghar Singh ti gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń wá irọ́ tí yóò bá òótọ́ jọ, a máa pẹ́ kó tó dáhùn. Ó gbé ṣéènì ìwọnlẹ̀ tó wà léjìká rẹ̀ ọ̀tún bọ́ sí ti òsì. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè Shivalik lọ́ọ̀ọ́kán, ó tún wo ilẹ̀.

"Apá ọ̀hún ni, sáíbù," ó ní.

"Apá ọ̀hún wo?"

"Apá... ibi tí omi ń lọ."

Ruldu, ẹni tí wọ́n jọ ń fa ṣéènì, húkọ́. Ẹ̀rín ló fi ikọ́ náà bò.

Khosla ni alábòójútó iṣẹ́. Kì í ṣe òǹrorò, ìyẹn gan-an ló mú kí ẹ̀rù rẹ̀ máa ba Maghar Singh. Òǹrorò á pariwo, yóò sì gbàgbé. Khosla kì í pariwo. Ará Lahore ni. Ọdún tí wọ́n pín ilẹ̀ Punjab sí méjì ló sá wá pẹ̀lú ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ nìkan, àtìgbà náà ni kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú òkúta róbótó kan, ó gbé e lé àárín àlàfo tó wà lára ògiri tó yí àdúgbò tuntun náà ká, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Òkúta yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó padà sínú àdúgbò, kò yà sí ọ̀nà títì rárá.

"Omi kì í gun òkè, Maghar Singh."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sáíbù."

"Àwọn bíríkìlà ní ìwọ lo kan èèkàn síbí. Wọ́n ní o sọ pé ibẹ̀ ni omi máa gbà."

Maghar Singh kàn ń wo òkúta yẹn.

"Ọjọ́ Ajé, ẹni tó yàwòrán àdúgbò yìí ń bọ̀ wá wo ògiri," Khosla ní. "Láti igun dé igun, kò gbọdọ̀ sí ojú ihò. Ṣé o mọ ìdí rẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sáíbù."

"Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Bí ọmọ ilé ìwé tó ń ka àkọ́sórí ni Maghar Singh ṣe sọ ọ́. "Kí ọmọdé má baà sáré bọ́ sí títì. Kí ariwo lọ́rì má baà wọlé. Àti... àti pé gbogbo ohun tí èèyàn ń wá ló wà nínú àdúgbò. Kò sí ohun tó ń wá lọ síta."

"O ò gbàgbé o. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí àwọn bíríkìlà dí i."

Ó lọ. Ruldu dúró títí ó fi jìnnà dáadáa, ó wá sún mọ́ ọn.

"Bàbá olómi," ó ní. "O ò bá ti sọ pé ejò la dá a sí fún. Sáíbù bẹ̀rù ejò."

"Dákẹ́, Ruldu."

"Mo ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n omi tó ń gun òkè, ìyẹn le o." Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láti béèrè ìyá Maghar Singh. "Bebe ńkọ́?"

"Ó ṣì ń mí."

"Sọ fún un pé kó má kánjú."

"Ta ló máa ń sọ ìyẹn fún Bebe?" Maghar Singh dá a lóhùn.

Àdúgbò náà dára. Ká má purọ́ mọ́ ọn. Àwọn tó yàwòrán ìlú tuntun náà ti gé ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n sì fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ara rẹ̀ í tọ́jú. Ilé ìwé wà láàárín pápá, ilé ìwòsàn kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òpópónà ọjà kan ṣoṣo ló sì gba inú rẹ̀ kọjá, níbi tí onímílíìkì, onígbàjámọ̀, aláṣọ àti oníkẹrosíìnì ti tò jọ. Gbogbo ilé ló kọjú sínú, tí wọ́n kẹ̀yìn sí títì ńlá tí lọ́rì ń sá lórí rẹ̀. Ọmọ kékeré á gbé síléètì rẹ̀, á dé ilé ìwé, á padà, kò ní bá mọ́tò kankan pàdé. Maghar Singh fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ojú máa ń tì í nígbà mìíràn, nítorí orí abúlé rẹ̀, Nimwali, ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ọwọ́ òun gan-an ló di orí ṣéènì mú lọ́jọ́ tí wọ́n wọn ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó mọ ibi tí ààrò ìyá rẹ̀ wà: abẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni báyìí.

Ìjọba fún un níṣẹ́ ṣéènì dípò, wọ́n sì fún un ní yàrá kan àti àgbàlá nínú ọ̀wọ́ ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ kékeré. Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilé á bọ́ tẹ̀lé e. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí olùṣọ́ kan lójú wọn. Ẹrù ẹni náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí òjò fi pa bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Kíkà díẹ̀ ni Maghar Singh kà. Ó mọ nọ́ńbà, ó mọ orúkọ ara rẹ̀ í kọ. Ṣùgbọ́n bó bá ń nu eruku orí tábìlì ní ọ́fíìsì, ó máa ń wo àwòrán àdúgbò náà, ó sì máa ń fi ìka tọ ọ̀nà orí rẹ̀. Ó rí ilé ìwé. Ó rí ibi tí màlúù onímílíìkì kò gbọdọ̀ dé. Ó wá ibi tí òkú máa gbà, kò rí i. Òkú gbogbo ìlú, ibì kan ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sun wọ́n, lọ́nà jíjìn, létí odò gbígbẹ. Lọ́rì ni yóò máa gbé wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ lọ́rì yìí ni Bebe kò sì fẹ́ gbọ́.

Bebe ni wọ́n ń pe ìyá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ìyá ní ilẹ̀ Punjab. Ọdún tí wọ́n pín ilẹ̀, Bebe wà nínú oko ìrèké rẹ̀ létí ọ̀nà, lọ́rì mélòó kan ń ti apá ìwọ̀ oòrùn bọ̀, wọ́n da aṣọ bo ẹrù tó wà nínú wọn. Atẹ́gùn ká aṣọ ọ̀kan sókè. Bebe rí ẹsẹ̀ òkú obìnrin kan, ẹ̀gbà fàdákà ṣì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ náà. Kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kó ìrèké ọdún náà tán. Ohun tó kọ́kọ́ sọ nígbà tó la ẹnu ni pé, "Maghara, ẹ má gbé mi sínú lọ́rì láé."

Ó sì ń sọ ọ́ di ọjọ́ tí à ń wí yìí. Ibi tí wọ́n ti sun ọkọ rẹ̀ ni kí wọ́n gbé òun lọ, ní ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé ọkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àwọn igi òdìkejì títì. Wọn kò tíì kọ́ nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀nà ló jẹ Bebe lógún jù. Ní ilẹ̀ Punjab wa, bí wọ́n bá ń gbé òkú lọ, àkọ́bí ọmọ á gbé ìkòkò omi léjìká ṣíwájú. Tí wọ́n bá dé ìdajì ọ̀nà, wọ́n á sọ òkú kalẹ̀, wọ́n á yí i padà kí orí rẹ̀ bọ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ wà, ọmọ á sì fọ́ ìkòkò náà mọ́lẹ̀. Láti ibẹ̀, òkú kò ní ilé mọ́. Ìdí igi kan báyìí ni wọ́n ti fọ́ ìkòkò ọkọ Bebe. Wọ́n ti gé igi náà. Ògiri Àdúgbò Kọkànlá gba ẹ̀gbẹ́ kùkùté rẹ̀ kọjá.

Nítorí náà ni Maghar Singh ṣe kan èèkàn méjì síbẹ̀, kí àwọn bíríkìlà lè fi àlàfo sílẹ̀ láàárín wọn. Ó fi ojú inú wo pẹpẹ oparun tí wọ́n fi gbé bàbá rẹ̀, ó fi èjìká ọkùnrin kan kún un lọ́tùn-ún, ó fi ọ̀kan kún un lósì. Ó kan èèkàn. Èèkàn kejì kọ́kọ́ ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Khosla fi òkúta wádìí rẹ̀, ó délé, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì onókùn ìyá rẹ̀ nínú àgbàlá.

"Ṣé wọ́n ti dí ọ̀nà mi?" Bebe bi í. Ojú rẹ̀ wà ní dídì.

"Wọn ò dí i, Bebe."

"Irọ́ lò ń pa. Irùngbọ̀n lò ń họ. Àtikékeré, tó o bá ń purọ́, o máa ń họ irùngbọ̀n."

"Nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò ní irùngbọ̀n."

"O máa ń họ ibi tó máa hù sí."

Harnami, ìyàwó rẹ̀, rẹ́rìn-ín nídìí ààrò, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Nígbà tó gbé rótì àti ẹ̀wà wá fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ etí rẹ̀.

"Bàbá Jagir," ó ní, "wọ́n ti rí i, àbí?"

"Wọ́n ti rí i."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Ọjọ́ Ajé ni ká dí i."

Harnami wo yàrá náà, ó wo ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí òun nìkan ń pọn, tí kò sí ẹni tó ń bá a jà sí i. Ó wo Melo, ìyàwó Jagir ọmọ wọn, tí oyún rẹ̀ ti wọlé sí oṣù, tó ń fi ọwọ́ ti ògiri rìn. "Dí i," ó ní. "Mo bẹ̀ ọ́. Bebe ò ní mọ̀. Àwa la máa mọ̀."

"Etí mi ò di," Bebe sọ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹnikẹ́ni kò jẹun dáadáa lálẹ́ náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Melo bímọ nílé ìwòsàn kékeré náà. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn débẹ̀, lábẹ́ igi, láàárín pápá, láìkọjá títì kankan. Ọkùnrin ló bí. Jagir gbé ọmọ náà wálé, ó tẹ́ ẹ sórí àyà Bebe. Bebe la ojú méjèèjì. Ó fi ìka wá imú ọmọ náà, ó fi wá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Àkàsọ̀ wúrà mi rè é," ó ní. Nítorí wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá rí ọmọ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí, àkàsọ̀ wúrà ni yóò gùn lọ sọ́run. "Ẹ gbọ́ o. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé mi bí alágbe. Ẹ ṣe mí lọ́ṣọ̀ọ́. Mo fẹ́ àsíá."

"A máa ṣe é, Bebe," Maghar Singh ní, inú rẹ̀ sì dùn. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ronú kan ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèlérí. Ojú oorun ni Bebe gbà lọ, kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́ dáadáa.

Àwọn ìbátan dé láti abúlé tí wọ́n kó àwọn ará Nimwali yòókù lọ. Wọ́n gbé oparun dání, wọ́n gbé bébà aláwọ̀ dání. Ẹni tó kú ní kékeré tàbí láìrí ọmọ-ọmọ, pẹpẹ lásán la fi ń gbé e. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé bàbá Maghar Singh. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ìran kẹrin, pẹpẹ ọ̀ṣọ́ ni tirẹ̀: wọ́n á tẹ oparun lé e lórí bí òrùlé, wọ́n á na apá rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, wọ́n á so òdòdó bébà àti àsíá mọ́ ọn yíká. Inú ẹkún ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ń ṣàwàdà. "Ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i," ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan ń wí, "Bebe ò fẹ́ràn ibi tó há."

Maghar Singh gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ohun kan gún un lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó jẹ́, nítorí Khosla ló ń wọlé bọ̀ yẹn.

Ó ti fi áńkáṣíìfù bo orí. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú òkú, ó sì dúró pẹ́. Nígbà tó yíjú, kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Mo ti ní kí lọ́rì wá dúró lójú òpópónà ọjà," ó ní. "Tuntun ni. Mo ní kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ayàwòrán náà ti dé, ó wà lọ́dọ̀ ògiri. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó rí èrò níbẹ̀, Maghar Singh. Ṣé ọ̀rọ̀ mi yé ọ?"

Ó tọ́ kó sọ nígbà náà pé Bebe kò ní wọ lọ́rì. Ó la ẹnu. "Ẹ ṣé, sáíbù," ló jáde níbẹ̀.

Harnami gbójú sókè wò ó, ó sì tètè gbé e sílẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ti ga, wọ́n gbé Bebe. Jagir wà lápá iwájú, Ruldu wà lápá ẹ̀yìn, àwọn ìbátan gba àwọn igun yòókù. Wọ́n ń da ìrẹsì yíyan àti èso déètì gbígbẹ sórí òkú, àwọn ọmọdé ń ṣa á nítorí pé oúnjẹ arúgbó tó kú ire ni. Maghar Singh ń lọ níwájú pátápátá, ìkòkò omi wà léjìká rẹ̀ ọ̀tún, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dì í mú. Ìkòkò náà kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ títí yóò fi fọ́. Òkú tó ti jáde nílé kò sì gbọdọ̀ padà sẹ́yìn.

Wọ́n dé ìpẹ̀kun ọ̀wọ́ ilé wọn. Tí èèyàn bá yà sósì, òpópónà ọjà ni. Maghar Singh ń wo imú lọ́rì náà tó ń dán. Tí èèyàn bá yà sọ́tùn-ún, ògiri ni.

Ẹsẹ̀ Maghar Singh dúró. Gbogbo èrò dúró lẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ lọ́rì ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Maghar Singh wo inú ibẹ̀. Ó mọ́, ó sì ṣófo.

Ó yà sọ́tùn-ún.

Kò bójú wẹ̀yìn wo ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ó ń gbọ́ Khosla náà tó ń pe orúkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ohùn jẹ́jẹ́, "Maghar Singh. Maghar Singh," bí ẹni tó ń pe èèyàn tó ń rìn lójú oorun.

Níbi ògiri, àwọn bíríkìlà méjì ti po sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, wọ́n ti to bíríkì jọ. Nígbà tí wọ́n rí òkú, wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi awò sójú dúró tì wọ́n, àwòrán ká sí abẹ́ apá rẹ̀. Ẹni tó yàwòrán àdúgbò náà nìyẹn. Maghar Singh gba àlàfo náà kọjá pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ koríko etí títì, ó rí kùkùté igi náà. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ fúyẹ́.

Nígbà náà ló gbọ́ tí oparun gbá bíríkì.

"Kò wọ̀ ọ́," Jagir ní.

Wọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n tún un gbé. Apá pẹpẹ ọ̀ṣọ́ náà tún gbá ògiri lọ́tùn-ún. Àsíá méjì já. Wọ́n gbìyànjú láti dà á gẹ̀ẹ́rẹ́, aṣọ ojú Bebe sì fẹ́ yọ̀. Àwọn obìnrin ké.

Maghar Singh dúró lápá ibi títì, ó ń wo ìyá rẹ̀ láàárín ògiri méjì. Ohun tó gún un lọ́kàn láàárọ̀ wá yé e. Pẹpẹ bàbá rẹ̀ ló wọ̀n. Òkú ẹni tí kò rí ọmọ-ọmọ ló dá ọ̀nà sílẹ̀ fún.

"Ká gé apá rẹ̀," ọ̀kan nínú àwọn bíríkìlà ní. "Ẹ yọ àwọn òdòdó yẹn, á wọlé."

"Ìyá ta ni wàá yọ òdòdó lára rẹ̀?" Ruldu bi í. "Tìrẹ ṣì wà láyé. Lọ yọ tìrẹ."

"Ẹ gbé e padà," Khosla ní. "Lọ́rì wà níbẹ̀."

"Òkú kì í padà, sáíbù," Jagir ní. "Ẹ̀yin náà mọ̀."

Gbogbo ojú wá bọ̀ sára Maghar Singh. Ká ní ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ni, ì bá fi ọwọ́ ṣe é láìsọ̀rọ̀, ì bá máa yọ bíríkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ bóyá ó pàṣẹ tàbí ó bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkòkò wà léjìká rẹ̀. Ẹnu nìkan ló kù fún un. Ó rí yàrá wọn. Ó rí ẹ̀rọ omi. Ó rí bẹ́ẹ̀dì olùṣọ́ yẹn nínú òjò.

"Ẹ wó o," ó ní.

Kò dún dáadáa. Ruldu ní, "Kí lo wí?"

"Mo ní kẹ́ ẹ wó o. Apá ọ̀tún. Èmi... èmi ni mo ní kẹ́ ẹ wó o, kì í ṣe ẹlòmíì."

Ruldu fi igun pẹpẹ lé ìbátan kan léjìká, ó gba òòlù lọ́wọ́ bíríkìlà, kò sì béèrè mọ́. Sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ kò tíì gbó. Bíríkì ń ṣí bí eyín ọmọdé. Ayàwòrán náà súnmọ́ tòsí. Khosla ń ṣàlàyé fún un wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bá Maghar Singh sọ̀rọ̀ láti òdìkejì àlàfo náà, kò fi ìbínú sọ ọ́.

"Bàbá, ẹ máa gbé wọn kọjá. Mi ò ní dá òkú dúró. Ṣùgbọ́n lọ́la ńkọ́? Lọ́rì ń sá eré níbí. Àwọn ọmọ wo ló máa kọ́kọ́ gba ibẹ̀ jáde? Nítorí wọn ni mo ṣe dí i."

Maghar Singh wo àwọn ọmọ tó ń ṣa déètì nínú erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn àgbà, wọ́n ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ wá sẹ́nu àlàfo náà, ojú wọn wà nílẹ̀. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà.

"Mi ò mọ̀, sáíbù," ó ní.

Wọ́n gbé Bebe kọjá, àsíá rẹ̀ pé. Nídìí kùkùté náà wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n yí i padà. Lọ́rì kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Kalka, ó ń tẹ fèrè, kò fẹ́ dúró. Khosla ló bọ́ sí àárín títì. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, áńkáṣíìfù ṣì wà lórí rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ níwájú lọ́rì títí ó fi dúró jẹ́ẹ́. Bóyá nítorí òkú ni, bóyá nítorí ayàwòrán tó ń wò ó, ẹnikẹ́ni kò lè sọ. Maghar Singh jọ̀wọ́ ìkòkò. Ó fọ́, omi rẹ̀ sì ṣàn padà lọ sí ìdí ògiri.

Nígbà tí wọ́n ṣe gbogbo ètò òkú tán, tó padà sẹ́nu iṣẹ́, Khosla na ọwọ́ sí i.

"Gbé ṣéènì wá."

Ó bọ́ ọ léjìká, ó gbé e fún un. Èjìká náà ṣe é bí ohun tí wọ́n gé.

"Ṣé ẹ ti lé mi ni, sáíbù?"

"Mo ní o ò fa ṣéènì mọ́. Ẹni tó bá kan èèkàn síbi tó wù ú, kò lè fa ṣéènì mọ́ lábẹ́ mi." Khosla ká ṣéènì náà dáadáa, ó yẹ ìdè rẹ̀ wò, ó tún un yẹ̀ wò. "Ayàwòrán ní àlàfo yẹn lè wà títí di ìgbà òjò. Ọjọ́ tí ọmọ kan bá gba ibẹ̀ kan lọ́rì, ọjọ́ náà ló máa dí i. Ta ló fẹ́ máa wò ó? Èmi ni?"

"Rárá, sáíbù."

"Ìwọ lo ṣí i. Lọ jókòó tì í."

Ó ti ń lọ kó tó bójú wẹ̀yìn. "Èmi ò mọ ibi tí bàbá mi wà," ó ní. "Lahore ni mo fi í sí, lórí bẹ́ẹ̀dì." Kò dúró gbọ́ ohun tí Maghar Singh máa sọ.

Nílé, ohun tí Harnami kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ilé ńkọ́?"

"Ilé ṣì wà."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ àlàfo."

Harnami jókòó. Ó fi etí ìborùn nu ojú. Ẹ̀rín ni, ẹkún ni, Maghar Singh kò yẹ̀ ẹ́ wò. "Bebe ti fi ọ́ síṣẹ́," ó ní.

Ruldu tó ti rí ẹlòmíì bá fa ṣéènì máa ń kí i bó bá ń kọjá. "Bàbá olómi, ṣé omi ti gba ibẹ̀ lónìí?" Onímílíìkì ń gba ibẹ̀ báyìí. Àwọn obìnrin tó ń lọ ṣa igi náà ń gbà á. Àwọn òkú méjì mìíràn ti gbà á, ará Nimwali ni wọ́n, àwọn tó gbé wọn sì kí Maghar Singh bí wọ́n ṣe ń kọjá bí ẹni pé òun ló ni ọ̀nà.

Kì í gbádùn rẹ̀. Ó máa ń jókòó sórí bíríkì tó kù, ọ̀pá rẹ̀ lórí orúnkún, etí rẹ̀ ní títì, ojú rẹ̀ nínú àdúgbò. Ó ti mọ ohùn lọ́rì láti òkèèrè. Nírọ̀lẹ́ nígbà tí ilé ìwé bá ti tú, tí àwọn ọmọ bá ń fi bọ́ọ̀lù àkísà ṣeré lórí pápá, àyà rẹ̀ kì í balẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀.

Lọ́jọ́ kan báyìí, Melo gbé ọmọ rẹ̀ wá pé kó wá kí bàbá àgbà. Ọmọ náà ń wo títì. Ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù, ó fò, ó bọ́ sí ẹnu àlàfo. Lọ́rì sì ń bọ̀. Maghar Singh ti dìde kó tó mọ̀, ó ti na apá méjèèjì di ẹnu ibẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà yí díẹ̀, ó dúró, ó sì ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ padà sínú àdúgbò fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òkúta Khosla, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ dà sí.

Melo ní, "Bàbá, ẹ jókòó. Kò jáde."

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ kì í ṣe omi. Ẹni tó gbá a ń sáré bọ̀ wá mú un, ó ń rẹ́rìn-ín, kò wo ibì kan. Maghar Singh kò jókòó. Ó dúró bẹ́ẹ̀, apá rẹ̀ ní nínà, títí lọ́rì náà fi kọjá lẹ́yìn rẹ̀, tí eruku rẹ̀ sì bò ó.